Kíláàsì kìíní, ọjọ́ Ẹtì, àti wàhálà kéèkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí_Parakin
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn.

Kíláàsì kìíní aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi ní sáà yìí, ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógójì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi kọ́ kíláàsì kẹrin, nítorí náà ẹ kà mí sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Ọmọ kíláàsì kẹrin, tí o bá ní kó jókòó, á jókòó. Àwọn wọ̀nyí, bí o bá ní kí wọ́n jókòó, ọ̀kan á ní òun fẹ́ tọ̀, èkejì á ní wọ́n ti jí pẹ́ńsùlù òun, ẹ̀kẹta á kàn wá di aṣọ mi mú, kò ní sọ nǹkan kan.

Nǹkan méjì ni ọ̀gá wa ní òun fẹ́ rí. Kí n máa kọ lẹ́tà sí àwọn òbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tí ọmọ wọn kọ́. Kí gbogbo ọjọ́ Ẹtì sì ní ohun tí a ó fi ṣe àjọyọ̀: ọjọ́ ìbí, ọmọ tó ṣe dáadáa, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè dùn mọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ọwọ́ mi ti ń kún. Ní Ẹtì tó kọjá, ìyá ọmọ kan gbé kéèkì alájà méjì wá, ó gbé páálí júùsì méjì tì í, ó tún ṣe báàgì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ọmọ tirẹ̀ sì wà lára báàgì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́ ọ wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo ni ọjọ́ ìbí tèmi?" Mo ṣí rẹ́jísítà. January 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ náà gan-an fún wa.

Lẹ́tà ńkọ́? Odindi ojú ìwé kan ni mo kọ. Lọ́jọ́ Ajé kan náà, mo rí méjì nínú rẹ̀ nínú báàgì àwọn ọmọ, wọ́n ti fi pọ́n ẹ̀pà.

Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é, tí ọjọ́ Ẹtì kò fi ní di ọjọ́ kéèkì lásán?

ÌyáÌbejì_Lágéré
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe tíṣà, òbí ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀gbẹ́ òbí sọ̀rọ̀.

Ẹ fi òfin de kéèkì yẹn lónìí. Ìyá tó gbé alájà méjì wá kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyá tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ á fẹ́ gbé alájà mẹ́ta wá, èyí tí kò ní yóò sì pa ọmọ mọ́lé lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, á ní ara rẹ̀ kò yá. Mo ti rí i rí. Kódà èmi náà ti fẹ́ ṣe é rí: ìbejì ni mo bí, wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ohun gbogbo sì di méjì-méjì sí mi lọ́rùn.

Ohun tí wọ́n ṣe níbi tí àwọn tèmi wà nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù, ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú oṣù yẹn pa pọ̀. Igba náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Ẹni tí kò bá ní, tíṣà kì í pe orúkọ rẹ̀. Kò sí kéèkì, kò sí báàgì. Gúgúrú ni, tàbí àgbàdo sísè nígbà àgbàdo, tàbí ọsàn tí wọ́n ti bó sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, bàbá kan tó ń lọ Ìbàdàn déédéé ra dòdò Ìkirè bọ̀, inú àwọn ọmọ dùn ju ti kéèkì lọ. Ẹ ṣáà ní omi ìfọwọ́ nílẹ̀, epo rẹ̀ á kan gbogbo ìwé.

Ní ti lẹ́tà, ẹ yé kọ odindi ojú ìwé. Ẹ ka ohùn yín sórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan péré. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa ọkọ̀, kò ráyè ìwé kankan, ṣùgbọ́n bó bá dúró gba èrò ní Máyéfẹ̀ẹ́, á gbọ́ ohùn tíṣà, á sì dé ilé bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè.

Tíṣà_Àgbà_Modákẹ́kẹ́
Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kíláàsì kìíní ni mo lò jù nínú iṣẹ́ mi, n kò sì lè rí ọ̀rọ̀ yìí kí n kọjá.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a máa ń kọ́ ọmọ láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀, tí Ẹtì bá dé, a ó wá ohun mìíràn tí kò bá a tan ṣe. Láàárọ̀ Ajé ni kí o ti sọ ohun tí wọn yóò fi hàn ní Ẹtì fún wọn. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ ti lẹ́tà L, sọ fún wọn pé ní Ẹtì, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú nǹkan kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L tàbí tí L wà nínú rẹ̀ wá láti ilé. Ilá, ìlù, àlùbọ́sà. Ọmọ kan gbé àbúrò rẹ̀ wá fún mi rí. Ó ní Lékan ni orúkọ rẹ̀.

Má ṣe fi a, b, d bẹ̀rẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́ lórin. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ábídí wa, ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni sáà kan, àyè wà dáadáa. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, i, b, l. Mẹ́rin péré. Ẹ wo ohun tó wà nínú wọn: bàbá, ilá, ìlà, àbà, ìbà, àlá. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, ọmọ ti ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé ìyá rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé a, b, d ni o tò lọ, ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni o kò tíì ní kan L.

Ohùn ni ohun kejì. Àwọn kan ní ọmọ kíláàsì kìíní kéré fún àmì ohùn. Irọ́ ni. Ọmọ tó lè kọrin lè pe dò, rè, mí. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é: ìsàlẹ̀ ikùn ni dò, àyà ni rè, orí ni mí. Mo bá pe igbá, wọn á gbé ọwọ́ sí àyà, wọn á gbé e lọ sí orí. Mo bá pe ìgbà, ikùn lẹ́ẹ̀mejì. Igba, ọwọ́ kò kúrò láyà. Bí o bá ní ìlù kékeré kan, Ẹtì rẹ ti dé nìyẹn: lu ọ̀rọ̀ kan láìsọ ọ́, kí wọ́n sọ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ̀. Ẹ̀rín tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.

ỌmọÌjẹ̀ṣà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Láti Iléṣà ni mo ti ń ka yín. Ẹ má bínú sí mi, bàbá, ṣùgbọ́n èmi gẹ́gẹ́ bí òbí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sanwó fún. Èdè tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò nìyẹn. Bí ọmọ mi bá délé lọ́sẹ̀ kẹrin, tó ń sọ ilá àti àbà, n óò lọ béèrè owó mi.

Tíṣà_Àgbà_Modákẹ́kẹ́
Ọmọ Ọ̀wá, n kò bínú rárá. Irú ìbéèrè yìí ni wọ́n gbé wá sí àdúgbò tèmi yìí láti dáhùn. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (kò tíì máa jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà náà, 1987 ni wọ́n yí i padà) bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ níbí. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló fi owó tì í lẹ́yìn. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣírò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò rẹ̀yìn níbì kankan, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá mọ "ilá" kà lọ́sẹ̀ kẹrin, má tíì lọ gba owó rẹ.

ỌmọÌjẹ̀ṣà
Ó dáa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó o.

Ìṣírò_Ìlódè
Ẹ ti sọ ti ìwé kíkà, kò sẹ́ni tó fẹnu kan òǹkà. Mo sì rò pé níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ti ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Láti oókan dé ẹẹ́rìnlá, kò sí wàhálà. Ẹẹ́rìnlá: ẹẹ́wàá, ẹ fi ẹẹ́rin lé e. Tí a bá dé ẹẹ́ẹ̀dógún, òǹkà wa yí ojú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú ogún. Ọmọ tó ń gbọ́ "seventeen" lówùúrọ̀, tó ń gbọ́ "ẹẹ́tàdínlógún" lọ́sàn-án, iṣẹ́ méjì ni orí rẹ̀ ń ṣe: ọ̀kan ń fi méje kún ẹẹ́wàá, èkejì ń yọ ẹẹ́ta kúrò nínú ogún. Àwa náà a wá máa pariwo mọ́ ọn pé kò fọkàn sí i.

Ohun tó gbà mí ni kéréètì ẹyin. Ihò ọgbọ̀n ló ní. Ẹ gé ìlà olójú márùn-ún méjì kúrò, ogún ló kù. Ẹ kó ìdérí míńírà fún ọmọ. Ẹ ní kó kó mẹ́tàdínlógún sí i, kí ìdérí kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Tó bá parí, ẹ má wí nǹkan kan, ẹ ṣáà bi í pé, "Mélòó ló ṣófo?" Ọmọbìnrin kan fi ìka rẹ̀ bọ ihò mẹ́ta yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, mẹ́ta ló dín!" Mo ní kó tún un sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń kọ́ àwọn tó jókòó tì í.

Ẹ má gé kéréètì kejì. Ọgbọ̀n ni ìyẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ń dúró dè yín níbẹ̀.

(Ìdérí tó ti dógùn-ún kì í ṣe fún ọmọdé o. Ẹ ṣà á, kí ẹ fọ̀ ọ́.)

ÀbúròTíṣà_Atlanta
Mo gbádùn ọ̀rọ̀ kéréètì yìí gan-an! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ kíláàsì kìíní níbí ní Amẹ́ríkà. Ohun kan wà tí wọ́n máa ń ṣe, wọ́n ń ka iye ọjọ́ tí wọ́n ti wá sí ilé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó bá pé ọgọ́rùn-ún, wọn á ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọgọ́rùn-ún nǹkan wá: bọ́tìnì, ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn míràn á múra bí arúgbó, wọn á fi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹ lè ṣe é ní Ifẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìṣírò_Ìlódè
Á tilẹ̀ dùn ju tiwọn lọ lọ́dọ̀ wa, torí orúkọ òǹkà wa ń sọ bó ṣe jẹ́. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Kéréètì olójú ogún márùn-ún, ìdérí kan lójúmọ́. Sáà kejì ni yóò bọ́ sí. Ẹ má mú ti ọ̀pá arúgbó yẹn wá o, mo mọ àwọn ọmọ wa, ìjà ni wọn yóò fi ṣe.

ÌyáÀgbà_Ìrẹ̀mọ
Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ká mi lára.

Nígbà tiwa, kò sí ọjọ́ ìbí. A ní oríkì. Àjàní, Àkànní, Àlàó, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́. Bí ọmọ bá jí, tó kí ìyá rẹ̀, ìyá á ki í, ara ọmọ á yá gágá. Kí ló dé tí tíṣà kò fi lè mú ọmọ méjì ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo kíláàsì fi oríkì rẹ̀ pè é, kí wọ́n pàtẹ́wọ́? Owó kò sí níbẹ̀, kéèkì kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ní in, ìyẹn bí ìyá ìsinsìnyí bá rántí sọ ọ́.

Àǹtí_Parakin
Màámi, ẹ ṣé gan-an ni. Ọkàn mi lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ mo ní ọmọ mẹ́ta láti Sábó tí wọ́n jẹ́ Haúsá, mo ní ọmọ Ìgbò mẹ́rin, mo sì ní ìyá kan tó ti sọ fún mi pé nínú ìjọ tiwọn, wọn kì í ki oríkì. Kí ni mo máa pe àwọn yẹn?

ÌyáÀgbà_Ìrẹ̀mọ
Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ nílé ni kí ẹ pè é. Kò sí ìyá tí kò ní irú ẹ̀. Ẹ ní kí ìyá tàbí bàbá sọ ọ́ sínú fóònù ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ gbé e sétí gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ àdúrà ni ti ìyá oníjọ yẹn, kó gbàdúrà. Kí ọmọ ṣáà gbọ́ ohùn ilé rẹ̀ nínú kíláàsì.

Awakọ̀_Ẹ̀dẹ_Road
Ẹ máa kó wọn jáde díẹ̀ náà! Ìlú yìí kún fún nǹkan, ọmọ Ifẹ̀ á tó ogún ọdún kó tó wọ mùsíọ́mù tó wà ní Enuwá.

Tíṣà_Àgbà_Modákẹ́kẹ́
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́tàlélógójì lójú títì, pẹ̀lú ọ̀kadà Ifẹ̀ yìí? Ọmọ mẹ́wàá, àgbàlagbà kan, kò gbọdọ̀ dín sí bẹ́ẹ̀. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú.

Èmi kó wọn lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rányàn lọ́dún kan. Wọ́n wò ó, wọ́n ka ìṣó ara rẹ̀ títí wọ́n fi jà lórí iye tó jẹ́, a sì padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún ni gíga rẹ̀. Mo wọn okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀, mo nà án sílẹ̀ lórí pápá, mo ní kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí orí ẹnì kan kan ẹsẹ̀ ẹnì kejì. Ọmọ márùn-ún ló tán an. Ẹkẹfà ti dùbúlẹ̀ tán kó tó mọ̀ pé okùn ti parí, ni ó bá bú sẹ́kún pé wọn kò jẹ́ kí òun wọ inú Ọ̀pá. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lónìí, á fi irùngbọ̀n rẹ̀ kí mi, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín ọjọ́ yẹn.

Àǹtí_Parakin
Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo padà wá jábọ̀ fún yín.

Mo ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lórí kéèkì. Ó gbà pé kó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ìyá alájà méjì bínú díẹ̀, ó ti kó fìlà ọjọ́ ìbí jọ sílé fún ti àbúrò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti rọ̀.

Lẹ́tà mi ti di ohùn. Ohun tí mo kà ní Ẹtì tó kọjá nìyí: "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa. Lẹ́tà B ni a kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí ọmọ yín wá nǹkan mẹ́ta tó ní B nínú ní ilé ìdáná. A ka òǹkà dé ogún, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló dín nínú ogún tí a fi ní mẹ́rìndínlógún. Ní Ẹtì tó ń bọ̀, kí wọ́n mú ìdérí míńírà tí ẹ ti fọ̀ wá. Ẹ ṣé o." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Òbí mọ́kànlélógún ló dá mi lóhùn. Bàbá kan fi fọ́tò búrẹ́dì, ìbẹ́pẹ àti ọ̀bẹ ìgéran ránṣẹ́, ó ní "Ṣé mo gba ọ̀gọ́rùn-ún?"

Èmi àti ìlù ṣì ń bá ara wa fà á. Ohun tí mo lù fún ọkọ̀, ọkọ́ ni wọ́n gbọ́. Bóyá ọwọ́ mi ni.

Ti oríkì ni mo fẹ́ sọ gan-an. Ọmọkùnrin olójọ́ January 1 yẹn ni mo kọ́kọ́ mú. Ìyá àgbà rẹ̀ kò ní fóònù ńlá, nítorí náà ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ní Ẹtì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé, ó ní bàtà òun dọ̀tí. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀: "Àkànní ọkọ mi, Àkànní..." Ó ń ki í lọ, kò wo ìwé, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ti rò pé ojú á ti ọmọ náà. Ó dìde, ó ń rìn lọ bá a díẹ̀díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. N kò kọ́ ọ o. Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Àkànní! Àkànní!" títí kíláàsì kejì fi wá yọjú lójú wíńdò.

Nígbà tí màmá ń lọ, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wọ́n ní, "Ah, ọjọ́ kejì Ọlọ́jọ́ ni! Òjò pa wá délé àgbẹ̀bí." Ó rántí gbogbo rẹ̀. Kò ṣáà sí ẹni tó bi í.

Tíṣà_Àgbà_Modákẹ́kẹ́
Ọmọ ọdún mélòó ni? Mo máa ń kọ ọjọ́ tí Ọlọ́jọ́ bọ́ sí sínú ìwé ìrántí mi lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí n wò ó fún yín lálẹ́ òní.

Àǹtí_Parakin
Ó pé mẹ́fà, sà. Ẹ ṣé gan-an.

Ìṣírò_Ìlódè, kéréètì olójú ọgbọ̀n la kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdérí ojoojúmọ́, a óò pín in sí ogún-ogún tó bá yá. Tí a bá yọ ọjọ́ Òmìnira kúrò, òní Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tí a wọlé. Àkànní ló fi ìdérí òní sí i. Ó fi ìka bọ ihò méjì tó kù, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, tó bá di ọjọ́ Ajé, kò ní sí àyè mọ́ o."